Ta ló rán Kẹ́mi níṣẹ́? Ìtàn ẹkùn ìdìbò kan láàárín oko Essex

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdúró ti èdè wa. Láti ìgbà tí Kẹ́mi Badenoch ti di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní Ìlú Ọba ní oṣù Kọkànlá, 2024, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí orúkọ rẹ̀ má jáde nínú ìwé ìròyìn Yorùbá. Lónìí, ọmọ wa ni. Lọ́la, ó ti tà wá. Nígbà tí Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima bínú sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ Nàìjíríà, tó ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ Kẹ́mi kúrò nínú orúkọ rẹ̀, gbogbo yín lẹ gbé e. Nígbà tí òun náà fèsì pé Yorùbá ni òun, pé kò sí ohun tó pa òun pọ̀ mọ́ àwọn ará Àríwá, ẹ tún gbé e, àwọn òǹkàwé sì fi lẹ́tà bá ara wọn jà. Nígbà tó sọ pé ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti tún páálí Nàìjíríà òun gbà gbẹ̀yìn, ariwo tún sọ.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Ohun tí mi ò tíì rí kà ni ìtàn àwọn tó rán an níṣẹ́. Ilé aṣojú-ṣòfin ní Westminster kò ní àga fún ẹ̀yà kankan. Àdúgbò kan ló gbọ́dọ̀ dìbò fún èèyàn kó tó lè wọ ibẹ̀, àdúgbò tó sì dìbò fún Kẹ́mi, ìgbèríko ni. Èmi ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dìbò. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní agbègbè Uttlesford, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Essex, láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Cambridge. Bí ẹ bá gba ọ̀nà abúlé níbí ní oṣù Keje, àlìkámà àti ọkà bálì ló máa wà lọ́tùn-ún lósì yín, pẹ̀lú àwọn ilé onígi àtijọ́, òmíràn tilẹ̀ ṣì wà tí koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Saffron Walden ni ìlú tí wọ́n ti ń ná ọjà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Òun àti Great Dunmow, Thaxted, Stansted Mountfitchet àti ọ̀pọ̀ abúlé ni wọ́n kó pọ̀ di ẹkùn ìdìbò kan. Láti 1885 ni ẹkùn náà ti ń jẹ́ Saffron Walden. Ní 2024 tí wọ́n tún ààlà pín, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí North West Essex.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àwọn ará ibí ti jẹ́ ti Conservative. Òfin 1884 ló fún àwọn lébìrà oko ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dìbò àkọ́kọ́ ní ẹkùn yìí, ẹgbẹ́ Liberal sì ló wọlé. Herbert Gardner lorúkọ aṣojú náà, òun ló wá di olórí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1892. Saffron Walden jẹ́ ìlú tí ìjọ Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó yàtọ̀ sí ti Áńgílíkà, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, inú ìdílé Quaker náà sì ni Jack Pease, tó gba ìjókòó náà fún Liberal ní 1901, ti wá. Yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀ ní 1910 tí Douglas Proby ti Conservative fi wà níbẹ̀, tí Cecil Beck sì gbà á padà kí ọdún náà tó parí, ọwọ́ Liberal ló wà títí di 1922.

Àwọn tálákà ibí kò sì dákẹ́ nígbà náà. Ní 1914, àwọn òṣìṣẹ́ oko ní Helions Bumpstead, Ashdon àti àwọn abúlé ìtòsí da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọ̀yà tí kò tó jẹun. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ló paná rẹ̀. Ní Thaxted, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Conrad Noel, gbé àsíá pupa ti àwọn sọ́ṣíálíìsì kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé ti Sinn Féin, àwọn ará Ireland tó ń jà fún òmìnira, kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1921, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Cambridge wá fa àsíá wọ̀nyẹn já, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Ilé ẹjọ́ ìjọ ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n sọ àwọn àsíá náà kalẹ̀. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ó tóbi ju ohun tí ojú ń retí ní ìlú tó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, mo sì dúró pẹ́ níbẹ̀, mò ń ronú pé nínú oko yìí kan náà ni èèyàn ti fi àsíá ìlú tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí kọ́ sílé Ọlọ́run.

Conservative gba ìjókòó náà ní 1922 pẹ̀lú William Foot Mitchell. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti 1929 wá, èèyàn mẹ́rin péré ló ti jókòó níbẹ̀: Butler, Kirk, Haselhurst àti Badenoch.

Butler ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ wò. Richard Austen Butler lorúkọ rẹ̀, Rab ni gbogbo èèyàn ń pè é. Attock ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n bí i sí ní 1902, nítorí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn níbẹ̀. Àjèjì lòun náà sí Essex. Ìyàwó rẹ̀, Sydney Courtauld, ló jẹ́ ọmọ ìdílé olówó tó ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ ní Essex, ìdílé yẹn ló sì la ọ̀nà fún un. Ọdún 36 ló lò gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ará ibí. Òun ló gbé òfin ẹ̀kọ́ 1944 kalẹ̀, èyí tó sọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tálákà ní England àti Wales. Ọdún 11 lẹ́yìn náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣe tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 1955, ìyá mi sì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, mi ò lè sọ̀rọ̀ Butler bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹni burúkú.

Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ ọ́ ní 1945. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gbá Conservative dànù jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà, ìbò tí Butler sì fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ níbí kò ju 1,158 lọ. Nínú oko yìí o! Lẹ́yìn náà ló di mínísítà ètò ìṣúná, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní 1957 àti 1963, ni ipò olórí ìjọba fò ó ru, tí wọ́n gbé e fún Harold Macmillan, lẹ́yìn náà fún Alec Douglas-Home.

Nígbà tó wà ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló ṣe ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lè wọ Ìlú Ọba kó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin Butler, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1962, ló ti ilẹ̀kùn náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì pín ìwé náà sí ìsọ̀rí: ẹni tó ti ní iṣẹ́ nílẹ̀, ẹni tó ní ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti ìwé, àti àwọn yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń rí ọ̀nà wọlé. Òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé ọdún méjì. Nínú ìwé tí Butler kọ sí àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1961, ó là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò ní dárúkọ àwọ̀ ara, ṣùgbọ́n pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà ló máa dá dúró. Hugh Gaitskell, olórí Labour, bá a jà gidi nílé ìgbìmọ̀. Àmọ́ nígbà tí Labour dé orí ìjọba ní 1964, wọn ò fagi lé e.

Màmá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, ó ti lé ní 90 ọdún. Abúlé kan nítòsí ibí ni wọ́n bí i sí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ Rab, bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa rò pé mọ̀lẹ́bí ni: kóòtù rẹ̀ tó máa ń rún, bó ṣe máa ń béèrè bí òjò ṣe rọ̀ sí lóko kó tó dárúkọ ìbò rárá. Ó tún máa ń sọ ti ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé wọn láti Audley End wọ Saffron Walden, tí wọ́n pa ọ̀nà rẹ̀ rẹ́ ní 1964 nígbà tí Rab ṣì jẹ́ aṣojú wọn, ìyẹn sì ń dùn ún títí di òní. Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé Rab yẹn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wa. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni." Mi ò bá a jiyàn. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ lòun ń sọ, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ lèmi náà ń sọ, ọkùnrin kan náà ni. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Saffron Walden ni wọ́n sin ín sí.

Peter Kirk tó tẹ̀ lé e ní 1965 kò pẹ́ láyé, ó kú lórí oyè ní 1977. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Yúróòpù ló jẹ ẹ́ lógún, òun ló sì ṣáájú àwọn Conservative tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin Yúróòpù ní 1973. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe yí: ní 2016, díẹ̀ ni àwọn tó dìbò ní Uttlesford pé kí wọ́n kúrò ní Yúróòpù fi ju àwọn tó ní kí wọ́n dúró lọ.

Alan Haselhurst wá gbà á ní 1977, ó sì wà níbẹ̀ fún 40 ọdún. Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú Stansted ló gba èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò ó ní 1943. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ti ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ di pápákọ̀ ńlá fún Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àgbẹ̀ àti olówó ibí sì ń ta kò ó. Ìjọba borí, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn èrò tuntun ní 1991. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fi ojú ọ̀nà bàálù kejì kún un, àwọn ará abúlé ja ìjà náà títí wọ́n fi pa á tì ní 2010. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn èèyàn tó bá rọra ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń lo aṣojú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Stansted tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀. Ní oṣù Kẹta, 2017, ìjọba háyà bàálù kan láti fi kó àwọn èèyàn padà sí Nàìjíríà àti Gánà lóru. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan gé wáyà ọgbà, wọ́n wọlé, wọ́n so ara wọn mọ́ ẹsẹ̀ bàálù náà, kò sì lè gbéra. Àwọn 15 ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe nítorí ìpániláyà ní pápákọ̀ ni wọ́n sì fi dá wọn lẹ́bi ní 2018. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi yẹn ní 2021. Ilẹ̀ ẹkùn ìdìbò yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà tí ẹkùn yìí kan náà dìbò fún Kẹ́mi, ọmọ Adégòkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní 2010, Kẹ́mi ti kọ́kọ́ díje ní Dulwich àti West Norwood, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ kò ti ní rìn jìnnà kí ẹ tó gbọ́ Yorùbá. Ipò kẹta ló ṣe. Nígbà tí wọ́n pe ìdìbò pàjáwìrì ní 2017, tí Haselhurst sì ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Conservative àdúgbò ló yàn án láàárín àwọn tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó kù kò le, nítorí ìbò ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀ láti 1922. Ó fi 24,966 ju Labour lọ. Ní 2019, ó fi 27,594 ju Liberal Democrats tó ṣe ipò kejì lọ. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibùdókọ̀ Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù láràárọ̀ ló fún un ní ìbò wọ̀nyí, wọn ò sì dì í nítorí pé Yorùbá ni tàbí nítorí pé kì í ṣe Òyìnbó. Conservative ló jẹ́ lójú wọn, ìyẹn sì tó wọn. Nígbà tó bá sọ̀rọ̀ líle nípa àwọn tó ń wọ ìlú, àwọn wọ̀nyí ló ń bá sọ̀rọ̀, àwọn àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri tó fi ìbò 53,806 gbé e borí Robert Jenrick, ẹni tó bá a du ipò olórí ẹgbẹ́. Àwa kọ́.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn sí òwe tí wọ́n ń pa lórí WhatsApp wa, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yẹn dára nínú ilé. Ní oṣù Kẹta, 2024, ìjọba tí Kẹ́mi jẹ́ mínísítà ìṣòwò nínú rẹ̀ ṣòfin pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Mo ní ẹlẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti ń bá ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní oṣù Kejì, 2025, Kẹ́mi fúnra rẹ̀ ló ní kí ọdún tí èèyàn máa lò kó tó gba ìwé àṣẹ láti máa gbé Ìlú Ọba títí láé di 10 dípò 5. Labour tó wà lórí ìjọba náà wá sọ irú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì dá gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkèèrè dúró ní oṣù Keje. Ẹgbẹ́ méjèèjì mọ̀ pé a kì í dìbò. Ibẹ̀ ni gbogbo ìkùnsínú mi wà.

Nítorí a lè dìbò. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ní ìwé àṣẹ ìgbé ní Ìlú Ọba, tó sì ti pé ọdún 18, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣojú-ṣòfin, kò dìgbà tó bá gba páálí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 2024, bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́ alẹ́ ni mo gba gbọ̀ngàn abúlé lọ. Ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń béèrè ìwé tó ní fọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Mo fa páálí Nàìjíríà mi yọ. Ìyá àgbà tó jókòó sídìí tábìlì ṣí i, ó wo fọ́tò, ó wo mi, ó wo ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá irú páálí bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì fi rúlà fa ìlà sí orúkọ mi. Ó fún mi ní ìwé ìbò. Pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi ni mo fi dì í.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Kẹ́mi ní 19,360, Labour ní 16,750. Ìbò 2,610 ló fi là. Ibi tó ti ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ó lé borí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn! Conservative kò sì tún ní ìjọba ìbílẹ̀ Uttlesford lọ́wọ́ mọ́ láti 2019. Àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Residents for Uttlesford, wọ́n sì gbà á. Ẹ ò rí i pé àwọn ará oko yìí máa ń yí ọkàn padà nígbà tó bá tó àkókò. Wọ́n ṣe é ní 1922, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣe é ní 1945.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa Kẹ́mi, ẹ rán akọ̀ròyìn yín wá sí Saffron Walden lọ́jọ́ ọjà, kó bá àwọn tó dìbò fún un sọ̀rọ̀, kó sì bá àwa tí a ń tọ́jú ìyá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sì ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ojú ìwé yín fún àwọn òǹkàwé yín tó wà níbí, kí ẹ fi èdè wa ṣàlàyé bí a ṣe ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Kò gba kọ́bọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, nọ́ńbà National Insurance, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ló ń béèrè, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó ku ọjọ́ iṣẹ́ 12 sí ọjọ́ ìdìbò. Ìdìbò gbogbogbòò tó ń bọ̀ kò lè kọjá oṣù Kẹjọ, 2029, wọ́n sì lè pè é ṣáájú ìgbà náà bí wọ́n ṣe pe ti 2017. Ó ṣeé ṣe kí ti ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Èmi ti fi orúkọ àwọn mẹ́ta níbi iṣẹ́ mi sílẹ̀, àwọn méjì ṣì ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi gba físà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ̀yin bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà yín gbọ́ ju èmi lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìkirè kan,
Uttlesford, Essex.